Irin Olóró Nínú Ilẹ̀ Oko Ẹ̀fọ́ ní Tamale

Ewédú tí a ń jẹ ní ilé wa ni wọ́n ń pè ní ayoyo ní ìlú Tamale, tẹ̀tẹ̀ wa sì ni wọ́n ń pè ní alefu. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ọmọ Ìgbẹ́tì tí ó bá wọ ìlú náà, ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Gánà, kò ní í jẹ́ àlejò nídìí ìkòkò ọbẹ̀ wọn. Àwọn ará wa sì pọ̀ níbẹ̀ nígbà kan rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn oníṣòwò Yorùbá fi pàtẹ ní Tamale, títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kó ẹrù wọn jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ìtàn ọjọ́ náà tó ìwé kan lọ́tọ̀. Kì í ṣe òun ni ọ̀rọ̀ òní. Ewédú náà gan-an ni ọ̀rọ̀ wa, àti ilẹ̀ tí ó ti hù jáde, nítorí ẹni tí ó bá jẹ ewé ti jẹ díẹ̀ nínú ilẹ̀ tí ewé náà ta gbòǹgbò sí.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ kò ṣòro láti bi. Ǹjẹ́ ilẹ̀ oko ẹ̀fọ́ tí ó wà láàrin ìgboro, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn, mọ́ tó ohun tí a lè máa gbin oúnjẹ sí? Ìdáhùn rẹ̀ ni ó ṣòro. Bí a bá sáré dáhùn pé kò mọ́, a ó gba oúnjẹ lẹ́nu àgbẹ̀ tí ó ń fi oko náà tọ́ ọmọ, a ó sì ba ọjà jẹ́ mọ́ obìnrin tí ó ń ta ẹ̀fọ́ náà lọ́wọ́. Bí a bá sì sáré dáhùn pé ó mọ́, ó lè jẹ́ pé májèlé ni a ń bù fún àwọn ọmọ kéékèèké. Ojú lásán kò lè dá ẹjọ́ yìí. Ilẹ̀ dúdú tí ó lọ́ràá, tí ewé ń yọ lórí rẹ̀ bí ọ̀rá, lè ní òjé nínú. Ilẹ̀ pupa tí ó ṣá, tí kò wu ẹnikẹ́ni, sì lè mọ́ láú. Wíwọ̀n ni a fi ń mọ̀ ọ́n, bí a sì ti ń wọ̀n ọ́n ni a fẹ́ là yé àwọn òǹkàwé wa.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wá. Irin wà nínú ilẹ̀ gbogbo, nítorí pé láti ara àpáta tí ó jẹrà ni ilẹ̀ ti wá, irin sì wà nínú àpáta. Ara ewéko àti ara ènìyàn nílò díẹ̀ nínú wọn. Bàbà àti síńkì, bí wọ́n bá mọ níwọ̀n, oúnjẹ ni wọ́n jẹ́. Bí wọ́n bá pọ̀ jù ni wọ́n ń di oró. Ṣùgbọ́n òjé, kádímíọ̀mù àti mákúrì kò ní iṣẹ́ rere kan tí wọ́n ń ṣe nínú ara. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀ sí ti ìdọ̀tí yòókù ni pé wọn kì í jẹrà. Ewé a máa jẹrà, ìgbẹ́ a máa di ilẹ̀, kòkòrò a máa jẹ òkú ẹran tán. Ṣùgbọ́n òjé tí ó bọ́ sílẹ̀ lónìí, òjé ni yóò jẹ́ nígbà tí ọmọ ọmọ wa bá ń kọ ebè níbẹ̀. Iná kò lè jó o run, òjò kò sì fi bẹ́ẹ̀ lè wẹ̀ ẹ́ lọ. Èyí tí ó bọ́ sílẹ̀ lónìí kéré, èyí tí yóò bọ́ lọ́la kéré pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Níbo ni irin wọ̀nyí ti ń wọ ilẹ̀ Tamale? Ẹni tí ó bá dé Lamashegu, níbi tí àwọn mẹkáníìkì àti àwọn ajórin ìlú náà kó ara jọ sí, yóò rí ìdáhùn apá kan. Òjé ni ó wà nínú bátìrì ọkọ̀. Ọ̀dà tí a ha kúrò lára ọkọ̀ àtijọ́, epo ẹ́ńjìnnì tí a ti lò gbó, ìdà irin tí ń fò láti ẹnu iná ajórin, gbogbo wọn ni ó ń bọ́ sílẹ̀. Síńkì ń ti ara páànù àti ara táyà tí ó ń jẹ lójú títì wá. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá sì dáná sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ tà, èéfín rẹ̀ a gbé òjé àti kádímíọ̀mù ká, a sì tún sọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn bá fẹ́. Ààtàn ńlá ìlú wà ní Gbalahi, ẹrù tí ó sì ń lọ síbẹ̀ kì í ṣe èèpo iṣu nìkan mọ́: bátìrì tọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀, àti rédíò tí ó ti kú, àti fóònù tí ó fọ́.

Ogún àtijọ́ kan sì tún wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń po òjé mọ́ epo bẹntiróòlù káàkiri ayé, kí ẹ́ńjìnnì má ba à máa kọ́. Ní ọdún 2001, ní ìlú Dakar, ni àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà pinnu láti fi í sílẹ̀, nígbà tí ó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, a ti ṣíwọ́ rẹ̀. Àlùjíríà ni ó fi í sílẹ̀ kẹ́yìn gbogbo ayé, ní ọdún 2021. Epo náà ti lọ, ṣùgbọ́n òjé tí ó tú sójú afẹ́fẹ́ fún ọdún wọ̀nyí kò bá a lọ. Ó wà lẹ́bàá àwọn títì àtijọ́, lókè ilẹ̀ níbi tí ọkọ́ ń dé.

Àwọn àgbẹ̀ kì í ṣe aṣiwèrè tí wọ́n fi ń dáko ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ìgbà òjò kan ṣoṣo ni Tamale ní lọ́dún, láti nǹkan bí oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá. Bí òjò bá ti lọ, ibi tí omi wà ni ẹ̀fọ́ ń wà: lẹ́bàá adágún omi tí a sé, lẹ́bàá gọ́tà, àti ní Zagyuri, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń fi omi ìdọ̀tí tí ń ṣàn láti bárékè Kamina bomi rin oko. Ilẹ̀ àgbègbè náà kò lọ́ràá púpọ̀, ajílẹ̀ tí a ń fi owó rà sì wọ́n. Nítorí náà ni àwọn àgbẹ̀ etí ìlú fi ń bá àwọn awakọ̀ agbẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣe àdéhùn pé kí wọ́n da ẹrù wọn sínú oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oòrùn a sá a títí yóò fi gbẹ, a ó wá ro ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ kí òjò tó dé. Àwọn mìíràn ń ko ilẹ̀ ààtàn lọ sí oko. Àwọn baba wa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ààtàn ni tẹ̀tẹ̀ ti ń dára jù? Ọgbọ́n náà kò yí padà. Ààtàn ni ó yí padà. Ti àtijọ́ jẹ́ eérú, ewé àti èèpo. Ti òde òní ní bátìrì nínú.

Ó wá di ọ̀rọ̀ wíwọ̀n. Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti inú oko, kì í ṣe láti inú ilé ìdánwò. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọbẹ̀ ṣe rí a ro ìkòkò pọ̀ kí ó tó fi ṣíbí tọ́ ọ wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni olùwádìí kò gbọdọ̀ bu erùpẹ̀ láti ojú kan ṣoṣo kí ó sì sọ pé òun ti mọ ilẹ̀. Yóò bù ú níbi púpọ̀ káàkiri oko kan náà, bí ibi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti òkè títí dé nǹkan bí ogún sẹ̀ǹtímítà nísàlẹ̀, èyíinì ni ibi tí gbòǹgbò ẹ̀fọ́ ń dé. Yóò po gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò mú díẹ̀ nínú àpòpọ̀ náà, yóò dì í sínú àpò ọ̀rá mímọ́, yóò sì kọ orúkọ ibẹ̀ sí i lára. Kò gbọdọ̀ lo ọkọ́ tí ó dógùn-ún tàbí ṣọ́bìrì tí a kùn ní ọ̀dà, kí irin ara wọn má ba à kó sínú ohun tí ó fẹ́ wọ̀n.

Ohun kejì tí kò gbọdọ̀ gbàgbé ni ilẹ̀ tí a ó fi ṣe ìfiwéra. Irú ilẹ̀ kan náà ni kí ó jẹ́, tí ó jìnnà sí títì, sí ààtàn àti sí ilé mẹkáníìkì, tí a kò sì da ajílẹ̀ ìlú sí rí. Iye irin tí a bá bá nínú rẹ̀ ni a ó kà sí èyí tí Ọlọ́run dá mọ́ ilẹ̀ náà. Ohun tí ó bá lé lórí rẹ̀ nínú oko ni a lè fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan ọmọ ènìyàn. Àwọn olùwádìí mìíràn kì í wá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n a kàn mú iye tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti kó jọ láti ara àpáta gbogbo ayé, wọ́n a sì fi í díwọ̀n. Ó dára ju pé kí a má ní nǹkan kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n aṣọ tí a fi ara ẹlòmíràn rán kì í báni mu dáadáa. Ilẹ̀ Tamale ni ó yẹ kí a fi ṣèdájọ́ ilẹ̀ Tamale.

Bí erùpẹ̀ bá dé ilé ìdánwò, wọn yóò sá a gbẹ, wọn yóò gún un, wọn yóò fi asẹ́ kù ú, wọn yóò wọ̀n ọ́n, wọn yóò sì sè é nínú ásíìdì líle títí irin inú rẹ̀ yóò fi yọ́ sínú omi. Ẹ̀rọ kan ni yóò wá ka iye tí ó wà nínú omi náà. Ọ̀nà tí ó gbajúmọ̀ jù ni èyí tí Alan Walsh, ọ̀mọ̀wé kan ní Australia, gbé jáde ní ọdún 1955. Ohun tí ó gbé e lé ni pé irú irin kọ̀ọ̀kan ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tí ó máa ń gbé mì, bí olúkúlùkù ti ń dáhùn sí oríkì tirẹ̀. A ó tan ìmọ́lẹ̀ òjé sí i. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá dín kù, òjé wà níbẹ̀, bí ó bá sì ti dín kù tó ni òjé ibẹ̀ ti pọ̀ tó. Ilé ìdánwò tí ó mọṣẹ́ yóò tún fi erùpẹ̀ tí a ti mọ iye irin inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ dán ẹ̀rọ náà wò, bí ẹni tí ń yẹ òṣùwọ̀n wò kí ó tó gbà á lọ́wọ́ ọlọ́jà.

Èsì tí yóò jáde ni iye mílígíráàmù irin tí ó wà nínú kílógíráàmù erùpẹ̀ kan. Mílígíráàmù kan nínú kílógíráàmù kan jẹ́ ẹyọ kan nínú àádọ́ta ọ̀kẹ́. Bí àwọn baba wa bá ka owó ẹyọ àádọ́ta ọ̀kẹ́ jọ, tí a sì yọ ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ẹyọ yẹn ni à ń wí. Ó kéré, ṣùgbọ́n irú iye bẹ́ẹ̀ ni a fi ń ṣòfin lórí oúnjẹ. Nínú ìlànà oúnjẹ tí àjọ FAO àti àjọ WHO jọ gbé kalẹ̀ fún gbogbo ayé, òjé inú ẹ̀fọ́ eléwé kò gbọdọ̀ ju 0.3 lọ nínú kílógíráàmù kan, kádímíọ̀mù kò sì gbọdọ̀ ju 0.2 lọ.

Ní báyìí, báwo ni a ṣe ń sọ iye wọ̀nyí di ìdájọ́? Àwọn ọ̀mọ̀wé ní ọ̀nà púpọ̀, ṣùgbọ́n a ó mú méjì tí ó gbajúmọ̀ jù. Èkíní ni ti Müller, ará Jámánì, tí ó ti wà láti ọdún 1969. Yóò pín iye tí a bá nínú oko sí iye ti ilẹ̀ ìfiwéra, lẹ́yìn tí ó bá ti fi ààbọ̀ kún ti ìfiwéra náà, nítorí pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ a máa yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn láìsí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Yóò wá ka iye ìgbà tí ó ti di ìlọ́po méjì. Bí kò bá tíì di ìlọ́po méjì rárá, òdo ni, bí ó bá dì í lẹ́ẹ̀kan, oókan, lẹ́ẹ̀mejì, eéjì. Bí ó ti ń gòkè ni ilẹ̀ ń bàjẹ́ sí i.

Èkejì ni ti Håkanson, ará Sweden, ní ọdún 1980. Òun rí i pé kò tó kí a sọ pé irin pọ̀. Ó yẹ kí a sọ irú irin tí ó pọ̀, nítorí ìka kò dọ́gba. Ó fún olúkúlùkù ní ìwọ̀n oró tirẹ̀: síńkì 1, krómíọ̀mù 2, bàbà 5, òjé 5, ásẹ́níìkì 10, kádímíọ̀mù 30, mákúrì 40. Iye ìgbà tí irin kan fi ju ti ilẹ̀ ìfiwéra lọ ni a ó fi sọ ìwọ̀n oró rẹ̀ di púpọ̀. Bí èyí tí ó jáde kò bá tó 40, ewu irin náà sí àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéré. Láti 40 dé 80, ó mọ níwọ̀n. Láti 80 dé 160, ó tó ohun tí a ń kọminú sí. Láti 160 dé 320, ó ga. Bí ó bá ju 320 lọ, ó ga rékọjá. Lẹ́yìn èyí ni yóò ro gbogbo wọn pọ̀, bí àpapọ̀ kò bá sì tó 150, a ó sọ pé ewu ibẹ̀ lápapọ̀ kéré.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é, kí ó lè yé wa. Àpẹẹrẹ lásán ni. Kì í ṣe oko ẹnikẹ́ni. Kí a sọ pé ilẹ̀ ìfiwéra ní òjé 20, kádímíọ̀mù 0.2, bàbà 25 àti síńkì 50. Kí a sì sọ pé oko tí ó wà lẹ́yìn ilé mẹkáníìkì ní òjé 120, kádímíọ̀mù 0.6, bàbà 75 àti síńkì 200. Òjé ti di ìlọ́po mẹ́fà, kádímíọ̀mù mẹ́ta, bàbà mẹ́ta, síńkì mẹ́rin. Lójú Müller, òjé yóò gba eéjì, nítorí pé 120 tí a pín sí 30 jẹ́ 4, 4 sì ni oókan tí ó di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mejì. Lójú Håkanson, òjé yóò gba 30, kádímíọ̀mù 90, bàbà 15, síńkì 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 139.

Ibí yìí ni kí òǹkàwé ti dúró ronú. Iye 139 kò tó 150. Ẹni tí ó bá ń kánjú yóò sọ pé ewu kéré, yóò sì ti ìwé rẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n kádímíọ̀mù nìkan ti gba 90, èyí tí ó tó ohun tí a ń kọminú sí. Yàtọ̀ sí èyí, nígbà tí Håkanson fi 150 ṣe ààlà, ohun mẹ́jọ ni ó kà: irin méje wọ̀nyí àti oògùn ilé-iṣẹ́ kan. Ilẹ̀ mímọ́, tí ohun kan kò lé lórí ti ìfiwéra, yóò gba 133 bí a bá wọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Irin mẹ́rin péré ni àwa wọ̀n nínú àpẹẹrẹ wa, ilẹ̀ mímọ́ ìbá sì gba 41. Oko wa gba 139, èyí tí ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ìṣirò kan náà ni, ṣùgbọ́n ìdájọ́ ti yí padà. Nítorí náà, nígbàkígbà tí a bá kà á nínú ìròyìn pé ewu ilẹ̀ ibì kan kéré tàbí pé ó ga, ìbéèrè wa àkọ́kọ́ ni: irin mélòó ni wọ́n wọ̀n, ilẹ̀ wo ni wọ́n sì fi ṣe ìfiwéra?

Ó yẹ kí a tún rántí pé ìsàlẹ̀ omi adágún ní Sweden ni Håkanson ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀ fún, kì í ṣe oko ẹ̀fọ́ ilẹ̀ ọ̀dàn. Kì í sì í ṣe gbogbo irin tí ásíìdì líle yọ jáde ni gbòǹgbò lè fà. Irin mìíràn há sínú òkúta bí ẹni há sínú àtìmọ́lé. Òmíràn wà lóde, ó ń dúró de ẹni tí yóò gbé e. Bí ilẹ̀ bá kan, tí ó ní ìwà ásíìdì, irin a máa tètè jáde. Bí ó bá ní ọ̀rá ewé jíjẹrà púpọ̀, tàbí bí a bá da ẹfun ilẹ̀ sí i, irin a máa dì mọ́ ibi tí ó wà. Olùwádìí tí ó gbọ́n yóò tún wọn ẹ̀fọ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ẹ̀fọ́ ni a ń jẹ, a kì í bu erùpẹ̀ sínú ọbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ènìyàn nìkan kọ́ ni ó ń gbé lórí ilẹ̀. Ekòló ń gbé inú rẹ̀, òun ni ó ń túlẹ̀ fún wa láìgba owó. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò lè rí ń gbé ara gbòǹgbò ẹ̀wà àti ẹ̀pà, àwọn ni ó ń mú ajílẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́ wá. Ní Woburn, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1942 títí di ọdún 1961, wọ́n da ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí láti ìlú London sórí oko ẹ̀fọ́ kan láti fi ṣe ìwádìí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Rothamsted yẹ ilẹ̀ náà wò ní ẹ̀wádún 1980, ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ṣíwọ́, síbẹ̀ irin wà níbẹ̀, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ó yẹ kí ó máa bọ́ ewé kan tí ó jẹ́ ìbátan ẹ̀wà kò sì lè ṣe iṣẹ́ wọn mọ́. Àgbẹ̀ tí ó ń dúró de ẹ̀wà àti ẹ̀pà láti sọ ilẹ̀ rẹ̀ di ọ̀tun yẹ kí ó gbọ́ èyí. Ní Tamale, ẹtù ń jẹ̀ káàkiri, ó ń ta ilẹ̀ ààtàn, ó ń ṣa ohun tí ó rí. Màlúù náà ń jẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó wọ inú ẹtù àti màlúù, àwa ni ó ń bọ̀ wá bá.

Èwo ni ó wá burú tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi máa sọ̀rọ̀ lé e? Kádímíọ̀mù a máa ba kíndìnrín jẹ́, a sì máa sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Ní ọdún 1968 ni ìjọba Japan gbà pé òun ni ó fa àìsàn egungun tí ó ń dá àwọn ará àgbègbè Toyama lóró, àwọn tí wọ́n ń fi omi odò tí ilé ìwakùsà bàjẹ́ gbin ìrẹsì. Òjé a máa dojú kọ ọpọlọ ọmọdé. Àjọ WHO sọ pé kò sí iye rẹ̀ kan tí a mọ̀ tí kò léwu, ikùn ọmọdé sì lè fà tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún èyí tí ti àgbà ń fà nínú òjé tí wọ́n bá jọ gbé mì. Ọmọ tí ń rá lórí ilẹ̀ a máa fi ọwọ́ sẹ́nu; kò dúró de ẹ̀fọ́.

Nàìjíríà ti rí i. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, àwọn dókítà ẹgbẹ́ MSF gbọ́ pé àwọn ọmọdé ń kú ní àwọn abúlé ìpínlẹ̀ Zamfara, wọ́n sì lọ wò ó. Kì í ṣe ibà. Wúrà ni àwọn ará abúlé ń wà, òjé pọ̀ nínú òkúta wúrà náà, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ nínú agbo ilé. Ju 400 ọmọ lọ ni ó kú. Kí ìwòsàn tó lè ṣiṣẹ́, ó di dandan kí a kọ́kọ́ ha ilẹ̀ agbo ilé kúrò, kí a sì kó ilẹ̀ mímọ́ rọ́pò rẹ̀. Abúlé Bagega kò rí tirẹ̀ gbà títí di ọdún 2013. Kí ó tó dìgbà náà, ní Thiaroye-sur-Mer lẹ́bàá Dakar, láàrin ìparí ọdún 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, ọmọ 18 ti kú níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ku erùpẹ̀ láti ṣa òjé bátìrì àtijọ́ tà. A kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni Tamale rí. Ohun tí a ń sọ ni pé ní ibi méjèèjì, ikú ni ó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n kí ẹ̀rọ tó dé. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Kí ni ó yẹ ní ṣíṣe? Èkíní, kí a máa wọ̀n ọ́n lóòrèkóòrè, kí a sì sọ èsì rẹ̀ fún àgbẹ̀ ní èdè tí ó gbọ́. Àwọn tí ó lè ṣe é kò jìnnà: ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ilẹ̀ ọ̀dàn wà ní Nyankpala lẹ́bàá Tamale, yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1992 sì ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Èkejì, kí a ya bátìrì, wáyà àti ẹ̀rọ tí ó ti kú sọ́tọ̀ kí wọ́n tó dé ààtàn. Gánà ṣòfin lórí ìdọ̀tí ẹlẹ́wu àti ìdọ̀tí ẹ̀rọ ní ọdún 2016; òfin tí ó wà nínú ìwé kò lè ṣa bátìrì, ènìyàn ni yóò ṣà á. Ẹ̀kẹta, ibi tí òjé tàbí kádímíọ̀mù bá ti ga, kí a má lé àgbẹ̀ lọ lásán. Kí a fún un ní ilẹ̀ mìíràn tí omi wà, tàbí kí ó gbin igi tàbí òdòdó sí èyí, kí ewédú àti tẹ̀tẹ̀ lọ sí ibi tí ó mọ́, nítorí pé ewé a máa fa irin ju èso lọ. Ẹ̀kẹrin, kí a tún òṣùwọ̀n wa yẹ̀ wò bí ìmọ̀ ti ń pọ̀ sí i: ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà dín iye òjé tí yóò mú kí wọ́n yẹ ilẹ̀ agbo ilé wò kù láti 400 sí 200.

Ẹni tí ń se ọbẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ó fi omi mímọ́ fọ ẹ̀fọ́ dáadáa. Èyí yóò mú eruku títì kúrò lójú ewé, bí kò tilẹ̀ lè mú irin tí ó ti wọ inú ewé kúrò. Kí ó máa fọ ọwọ́ ọmọ kí ó tó jẹun, kí ó má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wọ yàrá tí ọmọ ń sùn sí.

Ilẹ̀ tí a ń sọ yìí kì í ṣe ti Tamale nìkan. Ìbàdàn ní mẹkáníìkì, Òṣogbo ní ààtàn, Èkó ní títì àtijọ́, ẹ̀fọ́ sì ń hù lẹ́bàá gbogbo wọn. Àwọn baba wa a máa fi ilẹ̀ búra, wọn a sì máa sọ pé ilẹ̀ kì í gbàgbé. Nípa ti òjé, òótọ́ gidi ni: ohun tí a bá fi lé ilẹ̀ lọ́wọ́ ni yóò dá padà fún wa, bí kò ṣe fún wa, fún àwọn ọmọ wa. Ó kù sí wa lọ́wọ́ láti mọ ohun tí a ti fi lé e lọ́wọ́, kí ó tó dá a padà.